Ìyá-ìyá mi ará Pólándì, Tengeru ni wọ́n dàgbà sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ìtàn ìdílé tí gbogbo yín ń sọ bọ̀, ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ ará Jàmáíkà, ẹ̀yin tí bàbá yín fẹ́ ará Jámánì, ó wá kan èmi náà. Ará Ìbàdàn ni bàbá mi, ìyá mi jẹ́ ọmọ Pólándì tí wọ́n bí sí ìlú Òyìnbó, Ealing ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tọ́ mi kí bàbá mi tó ní dandan kí n lọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì nílé. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé tí mo bá ní mo jẹ́ ọmọ Pólándì, àwọn èèyàn á kàn rò pé ẹ̀yà Òyìnbó nìyẹn, pé ibi tí ayé ti rọrùn nìyẹn, pé ọ̀dọ̀ bàbá mi nìkan ni wọ́n ti rí ìyà. Irọ́ ni o.

Babcia là ń pe ìyá-ìyá wa. Abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lwów ni wọ́n bí wọn sí, Pólándì ni nígbà yẹn, Ukraine ni lónìí. Lọ́jọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1940, àwọn agbófinró Soviet, ìyẹn ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà yẹn, wá kanlẹ̀kùn lóru tàwọn tìbọn, wọ́n ní kí gbogbo ilé di ẹrù kíá, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù, ó di Siberia. Babcia ò ju ọmọ ọdún 9 lọ. Àbúrò wọn ọkùnrin kú síbẹ̀, ebi ló pa á, Babcia ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da búrẹ́dì nù lójú wọn láéláé. Ìgbà tí Jámánì kọlu Soviet ní 1941 ni ìjọba Soviet tó gbà láti tú àwọn ará Pólándì sílẹ̀, Ọ̀gágun Anders, ará Pólándì, ń kó ọmọ ogun Pólándì jọ, bàbá Babcia dara pọ̀ mọ́ ọn, ìyàwó àtọmọ tẹ̀lé e, wọ́n gba òkun Caspian bọ́ sí Iran ní 1942. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pín àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé káàkiri, àwọn kan lọ India, àwọn kan Mexico, àwọn kan New Zealand, bí 18,000 sì bọ́ sí Áfíríkà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Áfíríkà. Tengeru ni wọ́n gbé Babcia lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arusha ní Tànsáníà, lẹ́sẹ̀ òkè Meru, ibùdó tó tóbi jù nínú gbogbo ibùdó àwọn ará Pólándì ní Áfíríkà, bí 5,000 èèyàn ló wà ńbẹ̀. Ilé roboto tí wọ́n fi koríko bo òrùlé ẹ̀ ni wọ́n gbé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé ìwé, wọ́n ní ọsibítù. Babcia máa ń sọ pé ibẹ̀ làwọn ti kọ́kọ́ jẹun yó lẹ́yìn Siberia. Nígbà tí ogun parí, àwọn olórí ilẹ̀ alágbára ti pààlà tuntun níbi ìpàdé wọn ní Yalta, abúlé wọn ti bọ́ sọ́wọ́ Soviet, ibo ni kí wọ́n wá padà sí? Ìyẹn ni wọ́n ṣe wá bá bàbá wọn, tó ti bá àwọn ọmọ ogun débẹ̀, nílùú Òyìnbó ní 1948, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ nínú bárékè sójà.

Ẹ wá fojú inú wo ọjọ́ tí ìyá mi mú ọmọ Ìbàdàn wálé. Àwọn ẹbí ń kùn, mi ò ní purọ́. Babcia ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àlejò.

Wigilia lẹ ò bá rí nílé wa, alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ẹnikẹ́ni ò ní jẹun àfi tí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bá yọ, ẹ ó fi koríko gbígbẹ sábẹ́ aṣọ tábìlì, ẹ ó gbé àwo kan kalẹ̀ fún àlejò tí ẹnikẹ́ni ò retí, oúnjẹ oríṣi 12, kò gbọdọ̀ sẹ́ran ńbẹ̀. Ọbẹ̀ bítírúùtù pupa fòò, ẹja, kábéèjì kíkan, pierogi, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi olú gbígbẹ sínú ẹ̀. Olú yẹn ló mú bàbá mi, torí ìyá tiwọn náà máa ń ṣa olú lóko, wọn ò rò pé àwọn tún máa rí i jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kẹ́ ẹ tó jẹun, olúkúlùkù á mú opłatek lọ́wọ́, ó rí pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì tí fáda ń fúnni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó máa kán an lára ara yín, ẹ ó máa ṣàdúrà fúnra yín. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Babcia níwájú gbogbo ẹbí, wọ́n á ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn ní Yorùbá, Babcia á ní àmín. Àwọn tó ń kùn yẹn náà wà ńjókòó tí wọ́n ń wò.

Ilé ìwé Sátidé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ Pólándì ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń lọ, nígbà táwọn ẹgbẹ́ yín ń wo kàtúùnù, ẹ̀yin ń kọ́ ìtàn àwọn ọba Pólándì. Wọ́n fẹ́ ya wá ní fọ́tò nígbà ayẹyẹ ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè Pólándì ní 1791, gbogbo wa de òdòdó mórí, a wọ ìlẹ̀kẹ̀ pupa, ni ìyá ọmọ kan bá ní kí wọ́n fi mí sẹ́yìn kí fọ́tò lè "jọ ti Pólándì". Babcia dìde. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ló gba àwọn nígbà táwọn ò nílé mọ́, pé ọmọ àwọn ò ní dúró lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àárín gbùngbùn ni mo wà nínú fọ́tò yẹn, ó ń bẹ lógiri ilé mi.

Nígbà tí Pólándì wọ EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní 2004, àwọn tuntun rọ́ dé Ealing, ṣọ́ọ̀bù wọn kún títì, ẹnu á ya ẹni tó ń gbowó tí mo bá fèsì ní Polish, àwọn míì á tiẹ̀ ní Polish mi ti ayé àtijọ́ ni. Ó dáa, ti Babcia ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ní 2016, tí àwọn ará ìlú Òyìnbó dìbò tán láti kúrò nínú EU, táwọn kan lọ kọ ìkọkúkọ sára ilẹ̀kùn POSK, gbọ̀ngàn àwọn ará Pólándì ní Hammersmith, ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gbọ́. Mo ra òdòdó, mo lọ. Òdòdó àwọn míì ti kún ibẹ̀, àwọn Òyìnbó tí ò tiẹ̀ mọ ará Pólándì kankan ló gbé púpọ̀ wá. Bàbá àgbà kan dì mọ́ mi, ó bi mí ní Polish ọmọ ta ni mí, mo dárúkọ Babcia, ó ní òun mọ̀ wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Babcia ti sinmi báyìí. Itẹ́ òkú àwọn ará Pólándì tó ṣì wà ní Tengeru ni wọ́n sin màmá wọn sí, torí ibẹ̀ ni màmá yẹn kú sí kí wọ́n tó kọjá sí ìlú Òyìnbó. Mo fẹ́ mú ìyá mi lọ, bàbá mi náà ní àwọn ń bọ̀. Ẹni tó bá ti gba Arusha kọjá rí nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, ṣé èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan, àbí ká sùn síbẹ̀?