Mo ti kúrò lọ́sibítù, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbọ́ràn sí búrọ́ọ̀ṣì mọ́

Ọmọ Ọ̀dà

Mo kí gbogbo yín o. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Òtútù àyà ló dá mi dùbúlẹ̀, kí a sì tó mọ bó ṣe jẹ́, kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 23 ni mo lò lọ́sibítù, 11 nínú rẹ̀ ní ICU, yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù, ẹ̀rọ ló ń bá mi mí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n ti dá mi sílẹ̀. Ó di ọjọ́ 18 lónìí tí mo ti wà nílé.

Ẹni tó bá rí mi á ní ara mi ti yá. Mo ń jẹun, mo ń rìn káàkiri inú ilé. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló gbé mi wá síbí.

Kí àìsàn yìí tó dé, àwòrán kan wà lórí easel mi, igi tí a fi ń gbé àwòrán dúró: ìyá arúgbó méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí wọ́n jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Mo ti parí ojú wọn, mo ti parí aṣọ. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló kù, níbi tó ti di ti àbúrò rẹ̀ mú. Torí ọwọ́ yẹn gan-an ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ àwòrán náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ní kí ọmọ mi obìnrin fà mí lọ́wọ́ dé yàrá iṣẹ́. Ọ̀dà tí mo pò sílẹ̀ ṣì wà lórí pátákó, awọ ti bò ó. Mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, awọ náà ya, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Omi bọ́ lójú mi.

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù. Kò tíì kan kánfáàsì tó ti ń gbọ̀n. Mo fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó ṣì ń gbọ̀n. Ìlà kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fà sí ẹ̀gbẹ́ ìka ṣe kọ́lọkọ̀lọ, mo sì fi aṣọ nù ún kúrò. Lẹ́yìn náà búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì rẹ̀ mí bí ẹni tó gbé òkúta gun òkè. Òórùn turpentine, omi tí a fi ń pò ọ̀dà, tún mú mi wúkọ́ títí ọmọ fi gbé mi jáde.

Nǹkan kejì, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí mo wà ní ICU, mo rí àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi aṣọ nu ojú gbogbo àwọn tí mo ti yà rí, wọ́n ń nù wọ́n kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń kígbe, ohùn ò jáde. Mo mọ̀ báyìí pé kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dijú lálẹ́, ó ń padà wá.

Ẹni tó bá ti gba ibí kọjá, ẹ jọ̀ọ́: ṣé ọwọ́ máa ń padà? Ṣé kí n bo àwòrán yẹn títí ara á fi le, àbí kí n máa tọ́ ọ wò? Oògùn tí mo ń lò kò pọ̀: èyí tí mo ń fín sẹ́nu fún èémí, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ kú ewu o, ẹ kú oríire. ICU ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 14 sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ẹ rí. Ìrànrán ni, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibà, oògùn tí a fi ń mú èèyàn sùn, iná tí kì í kú tọ̀sán-tòru, gbogbo rẹ̀ ló ń da ọpọlọ láàmú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí ló ń rí irú rẹ̀, wọn kì í sì lè kígbe torí pé rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun wọn. Orí yín kò dàrú rárá. Ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni ọpọlọ mú, tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. A máa ń nu ojú aláìsàn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ojú tiyín ni wọ́n ń nù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra.

Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín léèrè bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lọ. Ní àwọn ICU kan, nọ́ọ̀sì àtàwọn ará ilé máa ń kọ ọ́ sínú ìwé fún aláìsàn, kó lè kà á tó bá jí, torí pé àlàfo yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani. Tí àlá náà kò bá lọ, ẹ sọ fún dókítà, ìtọ́jú wà fún un.

Ní ti ọwọ́: iṣan ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ICU ń jó rẹ̀yìn lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ 10, iṣan itan lè dín tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, ti ọwọ́ náà ò sì gbẹ́yìn. Ó ń padà. Ṣùgbọ́n oṣù la fi ń kà á, ti ẹlòmíràn tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 18 ṣì kéré gan-an.

Oògùn tí ẹ ń fín sẹ́nu ńkọ́? Tó bá jẹ́ salbutamol, èyí tó ń ṣí ọ̀nà èémí, òun fúnra rẹ̀ máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Aago mélòó lẹ fín in lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mélòó lẹ mú búrọ́ọ̀ṣì? Ẹ má dá a dúró o, ẹ má sì dín in kù láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Àkókò ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Àmọ́ bí ọwọ́ kan bá ṣàdédé kú tipiri, bí ẹnu bá wọ́, bí ibà bá padà tàbí èémí tún bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ síbí, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìyàwó Agbẹ́gilére

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á parí èyí tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkàn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí fún ọkọ mi. Wọ́n la egungun àyà, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo títí á fi jinná. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ká a mọ́ ibi iṣẹ́, òòlù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ẹ kì í mọ ìgbà tó ti rẹ̀ yín. Èmi ni mo wá ń ṣọ́ aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó, ẹ lọ dùbúlẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì rẹ̀ yín. Ó bínú sí mi fún odidi oṣù kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè ṣe é lọ́la. Ọjọ́ tó bá yọ́ ṣe wákàtí kan, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi sùn.

Ẹ wá fóòmù, ẹ gé e, ẹ wé e mọ́ ìdí búrọ́ọ̀ṣì kó nípọn. Ẹni tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa lo ọwọ́ lẹ́yìn àìsàn ló fi hàn wá. Ohun tó bá nípọn kì í gba agbára púpọ̀ láti dì mú. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀bẹ àti abẹ o, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì yẹn.

Ní tèmi, ẹ kọjú àwòrán yẹn sí ògiri. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ kò ní lè sinmi.

Àgbà Aláwọ̀ Omi

Mo kí yín, ẹ kú ìrójú. Ìyá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi sọ òótọ́ lórí aago, ṣùgbọ́n lórí ògiri, n kò bá wọn lọ. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí àwòrán yẹn.

Lọ́dún 1941 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ inú ìfun fún Henri Matisse, ayàwòrán ará Faransé. Ẹni ọdún 71 ni. Látìgbà náà kò lè dúró pẹ́ nídìí easel mọ́, orí ibùsùn àti àga onítáyà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n máa bá òun kun bébà ní onírúurú àwọ̀, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé e, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó bá nawọ́ sí. Bó bá fẹ́ fi èédú yàwòrán sára ògiri láti orí ibùsùn, á so èédú mọ́ orí ọ̀pá oparun gígùn. Ọdún 13 ló tún gbé láyé, ó sì ṣiṣẹ́ débi tó lápẹẹrẹ. Chuck Close náà, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ara rẹ̀ rọ lọ́dún 1988, ṣe ni wọ́n ń so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n ní lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wù mí lára wọn nìyẹn, kì í ṣe òkìkí.

Ẹ gbé turpentine kúrò nínú ilé pátápátá. Èyí tí wọ́n ní kò lóòórùn pàápàá, inú afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń mí ló ń gbẹ sí. Eruku èédú àti ti pastel, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀, kò yẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jàjàbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí a ń fín sára àwòrán kó má baà parẹ́. Pẹ́ńsù, ọ̀dà olómi àti bébà ti tó ná.

Ọmọ Ọ̀dà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ti kọjá.

Mo sọ fún ọmọ mi. Ó ní ní gbogbo àárọ̀, nọ́ọ̀sì kan á fi aṣọ tútù nu ojú mi láti iwájú orí dé àgbọ̀n, á máa pe orúkọ mi, á sọ ọjọ́ tí a wà fún mi. Ó ní òun náà nù ún lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n gbà á láyè. N kò mọ̀ rárá. Mo ní kó tún un sọ. Mo sùn di aago márùn-ún ìdájí lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì wa, salbutamol ni lóòótọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, aago 8 ni mo fín in, kò pé ogún ìṣẹ́jú tí mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo wá fa ìlà méjì sórí bébà kan náà: ọ̀kan ní aago 8:30, èkejì ní 11:45, kí n tó fín ti ọ̀sán. Ti àkọ́kọ́ gbọ̀n látòkè délẹ̀. Ìkejì lọ tààrà, ìparí rẹ̀ nìkan ló mì díẹ̀. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, kí n má yí ohunkóhun padà, a óò jọ wò ó tí mo bá padà lọ.

Ìyá wa, mo ti wé fóòmù mọ́ pẹ́ńsù, aago sì wà lọ́wọ́ ọmọ. Bàbá, a ti gbé àwòrán náà wá sí iwájú ibùsùn mi láìsí ọ̀dà kankan nítòsí. Ìyá méjèèjì ń wò mí.

Nígbà tí n kò lè lọ jókòó ti ẹnikẹ́ni láti yà á, mo tẹ́ ọwọ́ òsì mi sórí aṣọ ibùsùn, mo ń yà á. Ojú ibi tí wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́ omi ṣì dúdú lẹ́yìn ọwọ́ náà, mo yà á mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lánàá, mẹ́wàá lónìí. Ìka mẹ́ta ló ti jáde. Méjì tó kù di ọ̀la, aago 11:45.