Ta lẹ ti dì ní kùnrùngbùn rí? Ẹ wá sọ ti yín

Láti Kubwa, Abuja

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Oṣù kejì ọdún 2023 ni, nígbà tí ìjọba ní ká má ná 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ mọ́, tí tuntun ò sì sí nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ọ̀ffà, ní ṣọ́ọ̀bù POS nítòsí ọjà. A jọ ń dá àjọ, a jọ ń wọkọ̀ lọ sílé lọ́dún. Ara Táíwò mi gbóná lálẹ́ ọjọ́ kan, kẹ́míìsì ò sì gba tíránsífà, ni mo bá sáré lọ bá a. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ni mo fẹ́. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi o."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọdá títì ni ọkùnrin kan wọlé. Mo dúró ní òdìkejì, mò ń wò ó bó ṣe ń ka owó fún un.

Ìyá Hausa tó ń ta kókó àti kòsé, ìyẹn ògì àti àkàrà wọn, lẹ́nu ọ̀nà wa ló gbà mí. Ó tú owó sínú láílọ́ọ̀nù fún mi, ogún náírà àti àádọ́ta náírà ni gbogbo ẹ̀.

Mi ò bá ọ̀rẹ́ mi jà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mò ń kí i, "Ẹ kú ọjà o," mò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, èmi ni mo ro àmàlà. Ẹ̀jẹ̀ ló kúnnú, itọ́ funfun ni mò ń tu. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ gbowó, ọ̀kadà ni mò ń gùn dé Arab Road, igba náírà ní àlọ, igba ní àbọ̀, kí n má baà san ọgọ́rùn-ún fún un. Oṣù mọ́kànlá gbáko!

Lójú tèmi, odì sàn ju kùnrùngbùn lọ. Bí ẹni méjì bá ń yodì, àdúgbò á mọ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á pè wọ́n jókòó, wọ́n á là wọ́n. Ta ló fẹ́ la ìjà tí ẹnì kan ń dá jà nínú ara rẹ̀?

Oṣù kìn-ín-ní 2024, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní, "Láti alẹ́ tó o wá gbowó yẹn, o ò jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Orí ìdúró lo ti ń kí mi." Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Irọ́ ni! Òun náà ń kà á. Ó ní ọkùnrin yẹn fẹ́ san ẹgbẹ̀rún kan lé owó tó fẹ́ gbà, ojú sì ń ti òun láti gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ará, inú tún wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A pariwo títí oníbàárà fi sá jáde. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ jókòó.

Láti Sábọ̀n Gàrí, Kano

Ẹ̀gbọ́n, odì tẹ́ ẹ yìn yẹn, ẹ rọra. Èmi àti àbúrò mi tí ṣọ́ọ̀bù wa kọ ẹ̀gbẹ́ síra yodì nítorí oníbàárà. Àfáà wa rán wa létí pé Ànábì ní kí Mùsùlùmí má yan arákùnrin rẹ̀ lódì kọjá ọjọ́ mẹ́ta, àti pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà nínú àwọn méjèèjì ló lọ́lá jù. Bó ṣe di ìdíje nìyẹn! Láàárọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn tán, ó ti ń pariwo "Sàlámù aláékùn" kó lè jẹ́ òun ló ṣíwájú. Oṣù méjì la fi ń kí ara wa bí ẹni ń sọ òkúta.

Àwọn Hausa ń pe kùnrùngbùn ní riƙo, ìyẹn ìdìmú, wọ́n ní ọkàn ló ń gbé. Àwa ní inú ni. Tèmi, ọrùn ló wà, torí mi ò lè yí i sí apá ṣọ́ọ̀bù ọmọ yẹn. (A ti parí ẹ̀. Ìyá wa ló parí ẹ̀, lórí fóònù, ẹ má bi mí ohun tó sọ.)

Láti Mararaba

Ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ fún mi lọ́dún 2019, ilẹ̀ tó ti tà fún ẹlòmíì. Tí pásítọ̀ bá ti ka "ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú yín", ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Oòrùn tó ti wọ̀ bá tèmi kò níye mọ́. Mo ka ìtàn yín, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀ mí. Kó dá owó mi padà ná.