Kíníkì inú fámásì: ta ló ti lọ rí, kí lojú yín rí níbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Maryland
Ẹ kú ilé o. Láti àná ni ọ̀fun ti ń dùn mí, itọ́ lásán n kò lè gbé mì. Mo pe dókítà mi, wọ́n fún mi ní déètì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀fun á ti san tàbí kó ti gbé mi lọ. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n lọ sí kíníkì tó wà nínú fámásì, pé èèyàn kàn ń wọlé ni. Ọkọ mi ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ àti bisikíìtì, ṣé ibẹ̀ la ti ń gba ìtọ́jú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston
Ọkọ yín ò gbé Mushin rí ni? Níbo la ti ń gbabẹ́rẹ́ kí á tó wá síbí? Kẹ́míìsì náà ni, àwọn òyìnbó kàn fi éyà-kọ̀ǹdíṣàn sí i ni.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta
Mo ti lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àkọ́kọ́. Sátidé ni, Kẹ́hìndé jí, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata ṣọ̀ńbọ̀, ipin ti lẹ ìpéǹpéjú pọ̀. Dókítà àwọn ọmọ ò sí níbi iṣẹ́. Mo kó àwọn méjèèjì sínú mọ́tò. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ orúkọ sí i, ó ní kí n dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo lọ ra ọṣẹ ìfọṣọ (ọkọ yín ò purọ́ o). Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì ní kí ló ṣe ọmọ. Mo ní Apollo ni. Ó wò mí. Mo rò pé ohùn mi ni kò gbọ́, mo tún un sọ lóhùn rara: A-PO-LLO! Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò rí àrùn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Táyé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló gbà mí sílẹ̀: “Pink eye ni màmá mi ń sọ.” Wọ́n fún wa ní oògùn àkánsójú, mo san dọ́là 35, ìnṣọ́ráǹsì gbé ìyókù.
Lọ́jọ́ kejì, ojú Táyé náà pọ́n.

Baba_Wálé
1969 ni, ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà lọ gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Ìgbà yẹn náà ni àrùn ojú yẹn ń jà, la bá fi orúkọ ọkọ̀ wọn pè é. Mo wà ní àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Óṣogbo. Bàbá àgbà mi ní òyìnbó ló lọ ti ọwọ́ bọ òṣùpá lójú, òun ló sì ń gbẹ̀san lára wa.

Tọ́lá_B
Níléèwé wa, a máa ń lọ ranjú mọ́ ẹni tó bá ní in lọ́sẹ̀ ìdánwò 😂

Dúró_Dallas
Èmi ní tèmi, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Oṣù kẹwàá 2014, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìnkú bàbá mi bọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ara bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, orí ń fọ́ mi, mo lọ sí irú kíníkì yìí. Ẹ rántí ìgbà yẹn. Lógúnjọ́ oṣù náà, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn ní Dallas? Ebola ti pa ọmọ Liberia kan síbí lọ́jọ́ kẹjọ oṣù náà. Gbogbo ìlú ń wo èèyàn dúdú tó bá ti wúkọ́ bí ẹni ń wo olè. Ìwé tí wọ́n fún mi béèrè pé ṣé mo ti kúrò ní Amẹ́ríkà láàárín ọjọ́ 21. Mo kọ rárá sí i. Mo ti ń rí ara mi lórí tẹlifíṣàn, tí àwọn tó wọ aṣọ oníróbà funfun ń wọ́ mi jáde nílé, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wò.
Nọ́ọ̀sì yẹ imú mi wò, ó ní kì í ṣe flu, kí n máa mu omi, kí n lo Tylenol (parasitamọ́ọ̀lù ibí). Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi bá mi nílẹ̀ balùwẹ̀. Ibà ni. Ibà ẹ̀fọn tá a mọ̀ láti kékeré. Mo lo ọjọ́ márùn-ún ní ọsibítù.

Tọ́lá_B
Ẹ̀gbọ́n!! Ẹ purọ́ fún nọ́ọ̀sì?

Ìyá_Ìbejì_Atlanta
Ìwọ ò bá ti ṣe kí ni lọ́dún náà? Wọ́n rán ọmọ obìnrin kan lọ sílé lẹ́nu iṣẹ́ wa torí pé ó ti Kenya bọ̀. Kenya!

Nọ́ọ̀sì_Adé
Mo mọ ẹ̀rù tó bà yín, bọ̀dá, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọdún kẹsàn-án mi rèé nírú kíníkì bẹ́ẹ̀. Ohun tá a fi ń wo strep (kòkòrò tó ń mú ọ̀fun dunni) wà, ti flu wà, ti Covid, ti ìtọ̀. Ti ibà kò sí. Ká ní ẹ sọ pé ẹ ti Nàìjíríà bọ̀, tí ara yín sì gbóná, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni wọn ì bá ti ní kí ẹ máa lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ronú kan ibà fún ẹni tó ní Dallas lòun jókòó sí.

Dúró_Dallas
Òótọ́ ni, àbúrò. Ìyàwó mi ṣì ń sọ ọ́ dòní.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston
Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ṣé dókítà kankan tiẹ̀ wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Adé
Nurse practitioner ni mí. Mo gba oyè máàsítà, mo láṣẹ láti kọ oògùn fún aláìsàn. Ní Maryland mo lè dá iṣẹ́ mi ṣe. Ní Texas tìrẹ yẹn, dókítà gbọ́dọ̀ bá mi tọwọ́ bọ̀wé kí n tó lè kọ oògùn. Ìgbà tí ọ̀fun bá ń dùn ọ́ lálẹ́ Fráídè, ta lo fẹ́ kó dá ọ lóhùn?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston
Mo ti dọ̀bálẹ̀ ma. Màámi ló kó bá mi. Bí mo bá ní mo lọ gba ìtọ́jú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “ṣé dókítà gan-an lo rí?”

Baba_Wálé
Màmá kan náà tó ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì.

Kọ́lá_Ìbàdàn
Ẹ fi oníkẹ́míìsì sílẹ̀ o. Ti àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, á bu funfun méjì, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan sínú náílọ́ọ̀nù. Bí o bá bi í pé kí ni wọ́n, á ní “ti ara ríro ni.” Ara sì ń san!

Nọ́ọ̀sì_Adé
Ìwé àṣẹ wọn ò gba abẹ́rẹ́ gígún. Bẹ́ẹ̀ ni kò gba antibiotic títà.

Kọ́lá_Ìbàdàn
Ẹ wá sọ fún un ní Mọ́kọ́lá.

Ṣadé_Peckham
Ẹ máa sanwó lọ níbẹ̀ yẹn. Ní England, láti ìparí oṣù kìíní 2024, olóògùn inú fámásì fúnra rẹ̀ lè tọ́jú àìsàn méje láìjẹ́ pé o rí dókítà: ọ̀fun dídùn, etí dídùn, kòkòrò tó jẹni tó wá di egbò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ̀ ń ta mí lóṣù tó kọjá, mo wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìbẹ̀wò ọ̀fẹ́, oògùn £9.90.

Tọ́lá_B
Dókítà eyín ńkọ́, àǹtí? Ṣé ẹ ń rí ìyẹn náà wẹ́rẹ́?

Ṣadé_Peckham
Ẹ má bá mi dá ọ̀rọ̀ eyín sílẹ̀.

Alhaji_Katy
Ẹ̀yin ará Texas, ẹ ṣọ́ ojú yín. Mo ń pa ẹran iléyá, ọ̀bẹ já mọ́ mi lọ́wọ́. Ilé ìtọ́jú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́gà, mo rò pé kíníkì wẹ́rẹ́ ni. Lẹ́tà E àti R tó wà lókè rẹ̀, n kò kà á sí. Emergency gidi ni, wọ́n kàn kọ́ ọ sínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rán an lójú mẹ́ta. Ìwé owó tó wá lẹ́yìn oṣù kan: dọ́là 2,760.

Tọ́lá_B
Ẹran náà ńkọ́?

Alhaji_Katy
A jẹ ẹ́. Kò sí àgbò tó wọ́n tó o rí.

Baba_Wálé
Ẹ lò ó kó tó tán o. Walmart, ilé ìtajà ńlá yẹn, ṣí irú ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní Georgia ní 2019. Lóṣù kẹrin 2024, wọ́n kéde pé àwọn ń ti gbogbo rẹ̀, mọ́kànléláàádọ́ta. Wọ́n ní èrè kò sí níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta
Ẹ má rán mi létí. Ibẹ̀ ni mo ti ń yọ eyín.

Ṣadé_Peckham
Ẹ wò ó, wọ́n tún dá ọ̀rọ̀ eyín sílẹ̀!

Àbẹ̀kẹ́_Maryland
Mo ti lọ, mo ti dé. Wọ́n fi òwú kan họ ọ̀fun mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì sára nọ́ọ̀sì. Strep kọ́. Ó ní kí n máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ọ̀fun, pé ó máa lọ fúnra rẹ̀. Dọ́là 30. Màámi ti sọ ti omi iyọ̀ láti Ọ̀yọ́ lánàá, lórí WhatsApp. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ikọ́ mú un. Ikọ́ ọ̀hún ò sì tíì dáwọ́ dúró.

Nọ́ọ̀sì_Adé
Ẹ mú un lọ kí wọ́n wo òun náà.

Àbẹ̀kẹ́_Maryland
Kó lọ síbi ọṣẹ àti bisikíìtì? Omi iyọ̀ ṣì kù nínú ife mi.