Sólà àbí jẹnẹrétọ̀? Ará Ìkòròdú, ẹ wá sọ tojú yín

Ìyá Oníyìnyín, Sábó: Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ ra sólà sí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ mi ní ká kúkú pààrọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ má purọ́ fún mi.

Télọ̀ Ìgbógbó: Oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ló tú mi láṣìírí. Lítà tí kò tó ₦200 di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo ta jẹnẹrétọ̀, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan lé e, mo fi ra páńẹ́ẹ̀lì méjì. Áyọ́ọ̀nù nìkan ni kò lè gbé. Èédú ni mo ṣì fi ń lọ aṣọ.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́: Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbin rèé lẹ́yìnkùlé wa, 1,320 megawatt, gáàsì ni wọ́n ń sun níbẹ̀. Wáyà ńlá ń gba orí òrùlé wa kọjá lọ fún ẹni ẹlẹ́ni. A wà létí odò, itọ́ la fi ń bọ́jú.

Bàbá Ẹlẹ́ja, Báyékú: O tún ti bẹ̀rẹ̀. Sólà ni wọ́n bi ọ́. Èmi rà á fún fìrísà ẹja. Kò pé oṣù mẹ́wàá tí bátìrì fi kú, gbogbo ẹja rà. Oòrùn ni mo sanwó fún, òórùn ni mo gbà.

Oníwáyà: 😂😂 Bàbá, ẹ má bínú. Bátìrì mélòó ni? Ṣé ẹ ń bu omi sí i?

Bàbá Ẹlẹ́ja, Báyékú: Ẹyọ kan. Omi wo?

Oníwáyà: Háà! Ẹyọ kan, fìrísà, títí ilẹ̀ fi mọ́? Ẹ̀yin lẹ pa á. Bátìrì olómi kì í gbẹ kó pẹ́ láyé. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà ni o, kì í ṣe ti kànga.

Màmá Ìbejì: Ẹ fi ti owó sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, torí òjò àti olè, a gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kẹ́hìndé ló jí tó ń bì, ló gbà wá. Èyí tó ń pani nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, ojú ò sì rí i. A rá jáde ni. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ "dùrùrù" báyìí, àyà mi á já.

Télọ̀ Ìgbógbó: Ẹ kú ewu o, Màmá.

Abíléko Agric: Abẹ́ fèrèsé mi gan-an ni aládùúgbò mi gbé tiẹ̀ sí.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́: Ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun onílé.

Abíléko Agric: Òun ni onílé.

Ìyá Oníyìnyín, Sábó: Ọkọ mi ti kà á tán. Ẹja tó rà yẹn nìkan ló rí.

Bàbá Ẹlẹ́ja, Báyékú: Oníwáyà, bí a bá se omi kànga náà ńkọ́?