Wọ́n fagi lé ìdáhùn mi lórí agbára inú ṣúgà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ka bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yọ agbára jáde láti inú ṣúgà, tí mo ń ya àwòrán rẹ̀ lóru, àmọ́ nígbà tí wọ́n béèrè iye ATP (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó agbára) tí ẹyọ glúkóòsì kan, ìyẹn ṣúgà náà, ń mú wá, tí mo kọ 38, olùkọ́ wa fagi lé e láìsọ ìdí. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ sùn ni?

Àkànbí: Má fẹjọ́ sùn, àbúrò. Ìṣirò àtijọ́ ni 38. Nǹkan bí 30 sí 32 ni wọ́n ń kọ́ni báyìí, nítorí pé ATP 2.5 ni a ń kà fún NADH kan (èròjà tó ń ru ẹ̀lẹ́kítíróònù láti ara ṣúgà), kì í ṣe 3 mọ́.

Ìyá Ìbejì: Èmi náà jìyà ọ̀rọ̀ yìí. 36 ni wọ́n kọ́ mi, 38 ló wà nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi, a sì jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Olùbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ìwé tí olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ní kí a rà ni mo kà.

Àkànbí: Ìwé lè pẹ́ lọ́jà, àbúrò. 32 ni mo dúró lé.

Adétutù: Kí a tó máa jiyàn, kí ni ìbéèrè náà sọ gan-an? Ẹ kọ ọ́ síbí bó ṣe wà.

Olùbéèrè: “ATP mélòó ni sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà yóò jèrè lára ẹyọ glúkóòsì kan nínú ìgò tí a dé pinpin, tí kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀?” Mi ò ka ti ìgò náà sí, torí glúkóòsì kan náà ni.

Adétutù: Há! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. 2 ni ìdáhùn. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ ná ATP 2 láti la glúkóòsì sí pyruvate méjì (ìlàjì glúkóòsì), á rí 4, èrè rẹ̀ á sì jẹ́ 2. Inú mitochondria (ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì) ni ìyókù ti ń wá nígbà tí ọ́síjìn bá wà, ọ́síjìn ló sì ń gba ẹ̀lẹ́kítíróònù níbẹ̀ ní ìkẹyìn. Bí kò bá sí, ọ̀nà yẹn dí. Ìwúkàrà á wá sọ pyruvate di ọtí àti carbon dioxide, kí NAD+ (NADH tó ti sọ ẹrù ẹ̀lẹ́kítíróònù rẹ̀ kalẹ̀) lè padà wà fún glúkóòsì tó kàn. Agbára tó pọ̀ ṣì há sínú ọtí náà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbiná.

Olùbéèrè: Ó yé mi wàyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí olùkọ́ kọ ìdí rẹ̀ sí i. Iṣan ẹni tó ń sáré àsápajúdé ńkọ́, ṣé ọtí náà ni?

Adétutù: Rárá, lactate ni pyruvate ń dà níbẹ̀. ATP 2 náà ni.