Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òfin ń pè ní "gross negligence" (àìkíyèsára tó burú jáì) gan-an?

Ẹ̀yin lọ́yà inú ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo kó ẹrù sí wíàháòsì kan, ìwé tí mo sáìnì ní wọn ò ní san kọ́bọ̀ tẹ́rù bá bàjẹ́, àfi tó bá jẹ́ "gross negligence". Òrùlé wọn wá ń jò, mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n gbé sábẹ́ ẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì o! Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, páálí ti rin gbindin, gbogbo aṣọ inú ẹ̀ ti bu.

Wọ́n ní àìkíyèsára lásán ni. Ohun témi kà ni pé kéèyàn mọ ewu kó tún dágunlá ni wọ́n ń pè ní gross, àmọ́ mo tún rí i pé adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sọ ní 1843, nínú ẹjọ́ Wilson v Brett, pé òun ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín gross negligence àti àìkíyèsára lásán, pé èébú ni wọ́n kàn fi kún un. Orí mi wá dàrú.

Ṣé fọ́tò yẹn tó ẹ̀rí pé wọ́n mọ̀, àbí dandan ni kí n fi hàn pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?