Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí kò sí nǹkan nínú wọn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù Hilux mi: ta ló ti rí irú rẹ̀?

Agbẹ̀ Kòkó (Oǹdó):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Hilux ọdún 2010 ni mo fi ń kó kòkó wọ ìlú, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lítà 2.7. Ní Sátidé tó kọjá, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti pààrọ̀ fíúsì, ni mo bá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ṣófo: funfun olójú mẹ́rin tí wọ́n fi tépù dì mọ́ àwọn wáyà, aláwọ̀ eérú olójú méjì tó ń fì nítòsí pẹ́dà búréèkì, àti funfun ńlá kan tó ní ojú mẹ́rìndínlógún. Ọkọ̀ náà kò ṣe àìsàn kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti bá irú rẹ̀ pàdé, kí ó jọ̀wọ́ sọ bí òun ṣe mọ ohun tó wà fún.

Rìwáyà Mókọ́lá (Ìbàdàn):
Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Olójú mẹ́rìndínlógún yẹn ni a máa ń ki síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, bọ̀ nígbà tí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì bá tàn. Iná bátìrì wà ní ojú kẹrìndínlógún rẹ̀ nígbà gbogbo, áàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, sì wà ní ojú kẹrin, nítorí náà ẹ má fi irin kàn án. Ní ti olójú mẹ́rin, ó jọ pé ilé iṣẹ́ ló fi sílẹ̀, nítorí pé wáyà kan náà ni wọ́n sábà máa ń hun fún ọkọ̀ olówó ńlá àti èyí tí kò ní fáàrí kankan. Ó dín ìnáwó wọn kù ju kí wọ́n máa hun tọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Èyí tí ohunkóhun kò wọ̀ rí, irin inú rẹ̀ a máa dán gbinrin, tépù ara rẹ̀ a sì wà ní wíwé fínnífínní. Èyí tí wọ́n ti yọ nǹkan nínú rẹ̀, ẹ óò rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí irin ti ha irin.

Awakọ̀ Sábó:
Èyí tó ń fì nítòsí búréèkì yẹn ló ń kọ mí lóminú.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Ṣakí):
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gidigidi. Ẹni tó bá mi so tíráká, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn, mọ́ ọkọ̀ gé irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ dànù, ó ní kò wúlò. Ó mú wáyà kan lò, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ láìwé e. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, bí mo bá ti kó sí kòtò lọ́nà Ìsẹ́yìn, fíúsì kan náà ni yóò jó, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù a sì kú. Rìwáyà mẹ́ta gbowó lọ́wọ́ mi lásán. Ẹni kẹrin ló tú abẹ́ sítíárìn, tó sì pè mí kí n wá wò ó: ṣóńṣó wáyà kan tí kò gùn ju èékánná lọ ni ó ń lu irin tó gbé dáṣíbọ́ọ̀dù dúró, ibi tó ń lù sì ti jó dúdú, ó tó hóró àgbàdo kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Táíwò (Abẹ́òkúta):
Ẹ ṣáà ra tẹ́sítà onígílóòbù, kí ẹ fi kan ojú kọ̀ọ̀kan. Wáyà dúdú ni áàtì, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Rìwáyà Mókọ́lá (Ìbàdàn):
Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́, má gba ẹ̀gbọ́n wa nímọ̀ràn yẹn. Nínú Toyota, funfun onílà dúdú ló sábà máa ń jẹ́ áàtì, dúdú gan-an sì lè gbé iná. Gílóòbù a máa fa iná gba inú wáyà tí ó bá kàn, mítà tí a fi ń wọn iná kì í sì í fà tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wáyà bréènì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀, ló kàn, ó lè bà á jẹ́.

Oníná Ilé (Òṣogbo):
N kò dá Táíwò lẹ́bi. Nínú ilé tí wọ́n fi wáyà àtijọ́ ṣe, pupa ló gbé iná, dúdú ni níútírà; orí bátìrì náà, dúdú ni nẹ́gẹ́tíìfù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston:
Ford F-150 ni mo ń wà níbí. Ọdún méjì ni mo fi ń wo sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, àṣé ti ẹ̀rọ tó ń darí búréèkì tírélà ni. Lára ẹ̀rọ tí mo rà, dúdú ló ń gba iná bátìrì, funfun ni áàtì, pupa ń gba iná nígbà tí mo bá tẹ búréèkì, búlúù ló sì ń gbé iná lọ sí tírélà. Kí n tó so ẹ̀rọ náà, òdo ni mítà ń kà lórí wáyà tó ń lọ sí tírélà, mo sì ti fẹ́ pè é ní òkú wáyà.

Táíwò (Abẹ́òkúta):
Mo gbà lórí àwọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé tẹ́sítà lè mú kí ẹ́bàágì, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá, bú?

Rìwáyà Mókọ́lá (Ìbàdàn):
Ó lè ṣẹlẹ̀, àbúrò, torí pé iná ló ń tan ín. Sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè ni tirẹ̀ lára Toyota. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń so ojú méjèèjì pọ̀ bí a bá ti yọ ọ́, kí iná má baà ṣèèṣì wọ̀ ọ́. Èmi kì í fọwọ́ kan agbègbè rẹ̀ láìyọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí n sì dúró fún ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú àáyá.

Agbẹ̀ Kòkó (Oǹdó):
Ẹ ṣeun gan-an. Mo yá mítà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi láàárọ̀ yìí. Irin inú olójú mẹ́rin ń dán gbinrin, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ eérú olójú méjì ní ìlà nínú, wáyà rẹ̀ sì nípọn ju ti àwọn yòókù lọ. Mo tọ̀ ọ́ títí, mo bá a níbi tí wọ́n ti fi tépù dúdú lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà ojú kọ́kọ́rọ́. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, mítà a ka fóòtì 12.4, bí mo bá pa á, a ka òdo. Ọmọ náà rí àmì ibi tí wọ́n ti de àpótí álámù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà kan rí.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Ṣakí):
Ṣé ẹ ti wé ẹnu rẹ̀, bàbá?

Agbẹ̀ Kòkó (Oǹdó):
Mo ti wé e, ìyá. Mo sì so ó mọ́ àwọn wáyà tó wà lókè kí ó má baà kan pẹ́dà mọ́.